Ta Ló Ka Èémí Aláìsàn Yìí?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti lo ọdún kan ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Èkìtì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ni mo máa bọ́ sí lóṣù tó ń bọ̀. Mo yọjú wo ibẹ̀ lọ́jọ́ kan: wáyà lọ́tùn-ún, rọ́bà lósì, ẹ̀rọ ń han gooro. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti rí oorun sùn dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́? Ṣé kí n wá ìwé lórí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí ni? Èmi ọmọ yín, láti Ìkọ̀lé."

Ọmọ mi, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn dáa. Nọ́ọ̀sì tí ẹ̀rù ò bà rárá ní ICU, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba èmi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìntì, ẹ̀gbẹ́ àwọn tí àìsàn wọn le gan-an ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwé orí ẹ̀rọ yẹn, fi í sílẹ̀ ná. Kó tó pé oṣù méjì, ìwọ náà á ti máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ bí ẹni ń tẹ fóònù. Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́ kó o tó débẹ̀ ò ní ná ọ ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ mo mọ nọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́wàá tí kì í ṣe é: kó o dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó o wo àyà aláìsàn, kó o ka èémí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan, kó o sì kọ iye tó o kà sílẹ̀. Iye tó o kà o.

Má rẹ́rìn-ín. Lọ mú fáìlì márùn-ún ní wọ́ọ̀dù tó o wà báyìí, kó o wo ibi tí wọ́n ń kọ iye èémí sí. Aago mẹ́fà àárọ̀, 20. Aago mẹ́wàá, 20. Aago méjì ọ̀sán, 20. Wọ́n á fi 22 kan sáàárín, kó má bàa dà bíi pé àdàkọ ni. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ ló kà á. Ìgbóná ara, tẹmómítà ló kà á. Èémí nìkan ló kù tó jẹ́ pé ojú èèyàn ló ń kà á, òun náà la sì ń parọ́ mọ́ jù. Ìwọ náà ti kọ 20 yẹn rí, má ṣẹ́. Èmi náà ti kọ ọ́.

Èyí tí mo kọ kẹ́yìn, mo ṣì rántí ọkùnrin náà. Àgbẹ̀ ni, kò tíì tó ọmọ àádọ́ta ọdún. Tàífọ́ọ̀dù ló lu ìfun rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ti di ọjọ́ kẹrin. Ilé ìwòsàn ibẹ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Alẹ́ ni, èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú aláìsàn méjìlélógún. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 110/70. Mo bi í pé, "Bàbá, ara ńkọ́?" Ó ní, "A dúpẹ́." Mo kọ 20, mo kọjá lọ síbi bẹ́ẹ̀dì kejì. Nígbà tó di aago mẹ́rin ìdájí, ìyàwó rẹ̀ tó sùn sórí ẹní lẹ́bàá ibẹ̀ wá jí mi lójú oorun, ó ní, "Sister, ẹ wá wò wọ́n, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ." Mo dé ibẹ̀, mo kà á: 38. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ìfúnpá òkè ti já sí 70. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n sọkún tán, obìnrin yẹn sọ fún mi, kò tilẹ̀ fi bínú sọ ọ́, pé láti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń mí bẹ́ẹ̀. Ó ti rí i. Kò mọ̀ pé nǹkan tó yẹ kí òun pe èèyàn sí ni.

Wàá bi mí pé kí ló dé tí èémí fi ń ṣáájú. Nígbà tí àìsàn bá fẹ́ gbé èèyàn lọ, ara kì í káwọ́ gbera máa wò ó. Tí ọ́síjìn ò bá tó nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan torí pé ara ò rí ohun tó ń fẹ́ gbà, ọpọlọ á pàṣẹ fún àyà pé kó yára. Ọkàn náà á yára. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó kù lè ríbi dé ọpọlọ àti ọkàn. Ìdí tí ọwọ́ fi ń tutù nìyẹn, òun náà ló sì ń gbé ìfúnpá dúró fún ìgbà díẹ̀, pàápàá lára ọ̀dọ́. Nígbà tí ìfúnpá bá fi máa já wálẹ̀, ara ti ná gbogbo owó tó fi pamọ́ tán. Ẹni tó bá ń dúró de ìfúnpá kó tó pariwo, gbèsè ló ń bá aláìsàn rẹ̀ ká.

Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní NEWS2, ọdún 2017 ni wọ́n gbé èyí tí wọ́n tún ṣe yìí jáde. Wọ́n ń fún èémí, ọ́síjìn, ìfúnpá, ìlù ọkàn, ìgbóná ara àti bí èèyàn ṣe ń dáni lóhùn ní máàkì. Tí èémí bá jẹ́ 21 sí 24, máàkì 2. Tó bá di 25 sókè, tàbí tó já sí 8 wálẹ̀, máàkì 3, ẹyọ 3 yẹn nìkan sì ti tó láti ránṣẹ́ pe dókítà. Tí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ bá di 5, ọ̀rọ̀ ti di kánjúkánjú. Tó bá di 7, ìpè pàjáwìrì ni. Má sì jẹ́ kí èyí tó falẹ̀ tàn ọ́ jẹ. Ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ìrora tó le, tó wá ń mí ní ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, tí àwọn ẹbí ń sọ pé "ẹ jẹ́ kó sinmi, ìrora ti rọlẹ̀", ẹni yẹn ń lọ ni.

Lẹ́yìn èémí kíkà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń to iṣẹ́. ABCDE ni wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Mo fẹ́ kó o máa sọ ọ́ ní Yorùbá nínú ara rẹ bó o ṣe ń rìn lọ síbi bẹ́ẹ̀dì: ọ̀fun, èémí, ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ, ara. Ohun tó máa yára pa èèyàn jù ló ṣáájú. Tó o bá bá wàhálà ní ọ̀fun, ibẹ̀ ni kó o dúró sí tún un ṣe. Egbò ojúgun tó la ẹnu sílẹ̀ lè máa dẹ́rù bà ọ́, àmọ́ ọlọ́kadà tó ń mí bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, ọ̀fun yẹn ló máa pa á kí ẹnikẹ́ni tó rántí ojúgun.

Ọ̀fun tó ní wàhálà kì í dákẹ́, àfi tó bá ti dí pátápátá. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́ tó ń hanrun, oorun kọ́ ló ń sùn: ahọ́n rẹ̀ ló ti yọ̀ sẹ́yìn. Tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kó o gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, wàá gbọ́ bí ìró náà á ṣe dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé jàǹbá ọkọ̀ ló ṣe, má yí ọrùn. Fi ìka ti egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú láti ẹ̀yìn. Tó bá ń dún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ ló kàn. Nítorí náà, kó o tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sílé, tan ẹ̀rọ yẹn, kó o fi ọ̀pá rẹ̀ fa omi nínú ife kan. Mo ti rí èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ tàn, tí iná rẹ̀ tàn, tí kò sì fa nǹkan kan. Ọjọ́ tí aláìsàn ń bì la mọ̀.

Tí a bá débi ọ́síjìn, ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ ìka yẹn ni gbogbo èèyàn gbójú lé. Ará Japan kan, Takuo Aoyagi, ló hùmọ̀ ọgbọ́n rẹ̀ láàárín ọdún 1972 sí 1974, Ọlọ́run bù kún un, ẹ̀mí tó ti là kò lóǹkà. Ohun tí a ń wá lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni 94 sí 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ tipẹ́, tí ọ́síjìn àpọ̀jù lè kó wàhálà bá, a máa ń fi wọ́n sí 88 sí 92. Àmọ́ ẹ̀rọ náà máa ń parọ́. Nígbà ọyẹ́, tí òwúrọ̀ Èkìtì bá tutù, tí ìka aláìsàn dà bíi yìnyín, ó lè kọ 82 fún ẹni tí kò ní nǹkan kan. Fi ọwọ́ ra ìka náà kó gbóná, tàbí kó o gbé e sí etí. Ìyàwó tuntun tó lé làálì dúdú, ẹni tó kun èékánná, tún ìka mìíràn wá. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó máa ń kọ iye tó ju òótọ́ lọ díẹ̀ nígbà míì, nítorí náà 92 rẹ̀ lè má jẹ́ 92. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tí wọ́n gbé wá láti inú ilé tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ mọ́jú ní kọ́rídọ̀. Èéfín yẹn máa ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ ìka kò sì mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Á kọ 99. Aláìsàn ń kú lọ, ẹ̀rọ ń kọ 99. Ìtàn tí àwọn tó gbé e wá bá sọ ló máa là á: fún un ní ọ́síjìn nípasẹ̀ ìbòjú tó ní àpò, líítà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó o má sì yọ ọ́ nítorí pé mọ́nítọ̀ sọ pé kò séwu.

Kọ́ ìṣirò sílíńdà pẹ̀lú. Kò le. Sílíńdà tó ní líítà 680, tó o bá ń tú líítà 10 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 68 ló máa lò. Tí wọ́n bá ní kó o tẹ̀ lé aláìsàn láti Ọ̀mùò wá sí Adó, tàbí láti ọ̀dọ̀ yín lọ sí Ìdó, tí kòtò ọ̀nà àti dúródúró lè gba wákàtí kan àbọ̀, ìwọ ni kó o ṣe ìṣirò yẹn kí ọkọ̀ tó gbéra. Dírẹ́bà ò ní bá ọ ṣe é.

Ó tó àkókò kí n dé orí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí, kó má dà bíi pé mò ń sá fún un. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó o mọ̀ nípa rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá ń han, tí ọ́síjìn aláìsàn ń já wálẹ̀, tí o kò sì mọ ohun tó ṣe é, má dúró máa ka ohun tó kọ sójú rẹ̀. Pe èèyàn, já a kúrò lára aláìsàn, so báàgì àfọwọ́tẹ̀ mọ́ rọ́bà ọ̀fun rẹ̀ pẹ̀lú ọ́síjìn, kó o máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tàbí mẹ́fà, kó o máa wo àyà bó ṣe ń gbéra. Tí àyà bá gbéra dáadáa tí ara aláìsàn sì bọ̀ sípò, ẹ̀rọ ló ní ẹjọ́. Tí báàgì bá le lọ́wọ́ rẹ, ó lè jẹ́ rọ́bà ló dí, ó lè jẹ́ atẹ́gùn ló rọ́ sínú àyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí àyà ò bá gbéra rárá, rọ́bà ti lè yọ. Báàgì yẹn gbọ́dọ̀ wà ní ìgbèrí gbogbo aláìsàn tó wà lórí ẹ̀rọ. Kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí mátíròn ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sílé.

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ gan-an ni ICU ti wá? Lọ́dún 1952, àrùn rọpárọsẹ̀ jà ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, débi pé àwọn tí kò lè dá mí mọ́ ń kú bí eṣinṣin. Dókítà kan, Bjørn Ibsen, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kun èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ní kí wọ́n la ọ̀fun wọn, kí wọ́n máa fi báàgì tẹ atẹ́gùn sí wọn nínú. Ẹ̀rọ ò tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni wọ́n kó jọ, wọ́n pín ara wọn sí ṣíìfìtì, wọ́n ń tẹ báàgì tọ̀sán-tòru fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ikú dín kù gidi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí wọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ICU àkọ́kọ́ láyé. Tí iná bá lọ lóru ọjọ́ kan tí jẹnẹrétọ̀ sì ń pẹ́ gbéra, rántí àwọn ọmọ yẹn.

Ẹ̀jẹ̀. Kó o tó mú aṣọ ìfúnpá, di ọwọ́ aláìsàn mú. Ṣé ó gbóná àbí ó tutù? Tutù dé ibo, ọrùn ọwọ́ àbí ìgúnpá? Tẹ orí èékánná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kó o jọ̀wọ́ rẹ̀: ó yẹ kí àwọ̀ ti padà kó tó pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wo àpò ìtọ̀. Ẹni tó wọn kílò 60, ó yẹ kó máa tọ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdajì mílílítà fún kílò kan. Kíndìnrín ò mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́. Lórí ìfúnpá fúnra rẹ̀, wọ́n á máa bá ọ sọ̀rọ̀ MAP, ìyẹn ìpíndọ́gba ìfúnpá. Ìlọ́po méjì nọ́ńbà ìsàlẹ̀, ro ó pọ̀ mọ́ ti òkè, pín in sí mẹ́ta. 90/60 á fún ọ ní 70. 80/40 á fún ọ ní 53, ìyẹn ò sì dáa, torí pé 65 la kì í fẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ kó o fara balẹ̀ gan-an ni dírípù. Nílẹ̀ wa, dírípù ni ìtọ́jú. Tí wọn ò bá tíì gbé dírípù kọ́, ẹbí á ní ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni omi máa ń pa èèyàn. Lọ́dún 2011, àbájáde ìwádìí kan jáde láti Uganda, Kenya àti Tanzania, lórí ọmọ tó lé ní 3,000 tí ibà tó le ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò lọ káàkiri dáadáa. Àwọn tí wọ́n da omi púpọ̀ sí lára kíákíá kú ju àwọn tí wọ́n rọra fún lọ. Ní Zambia, àbájáde ti àwọn àgbà tí àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ìfúnpá wọn sì ti já, jáde lọ́dún 2017: ọ̀nà kan náà ló tọ̀. Mi ò sọ pé kó o má fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ tán, tàbí ìyálọ́mọ tó ń da ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣì ń wá ẹ̀jẹ̀ fún. Ohun tí mo sọ ni pé kó o ka èémí kó o tó so àpò dírípù kan, kó o sì tún kà á nígbà tó bá tán. Tí 24 bá ti di 32, tí o sì ń gbọ́ ìró tó dà bí irun tí wọ́n ń fi ìka ra létí nígbà tó o gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé ẹ̀yìn rẹ̀, má so òmíràn. Pe dókítà. Bó bá bínú, kó bínú.

Ọpọlọ: gbogbo ẹni tó bá dákú, tó ń gìrì, tàbí tó kàn ṣàdédé ń sọ kántankàntan, yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kó o tó ro ohun mìíràn. Ìsàlẹ̀ 70 mg/dL ti kéré, ìsàlẹ̀ 54 léwu. Aláàtọ̀gbẹ tó lo oògùn tí kò jẹun, ọmọ tí ibà le fún, wọ́n lè jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí dẹ́síróòsì, omi ṣúgà yẹn, bá wọlé, àwọn ará ilé á sì sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Glasgow, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1974, wà níbẹ̀ fún ọ láti kọ́: ojú 4, ọ̀rọ̀ 5, ara 6, lápapọ̀ 15, ẹni tó kéré jù á gba 3. Ẹni tó bá já sí 8 wálẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ò dá a lójú mọ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú máàkì ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá arúgbó kan wà tí ọ̀dọ́ kan, ọmọ tó dára, tí kì í ṣe ará ibí, kọ 4 fún lóríi pé "ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò nítumọ̀". Mo sún mọ́ ọn. Bàbá ń sọ pé òun fẹ́ re ulé, àwọn òkété ti ń jẹ iṣu òun. Ọ̀rọ̀ Èkìtì tó jinlẹ̀ ni, orí bàbá pé ju tiwa lọ. Ìwọ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, ìyẹn jẹ́ irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Tí bàbá tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ geere lánàá bá wá ń pè ọ́ ní ìyá rẹ̀ lónìí, kì í ṣe arúgbó ṣíṣe, kì í sì í ṣe pé àwọn tó ti kú wá ń pè é. Wo ọ́síjìn, wo ṣúgà, wo ìtọ̀, wo ibà.

Ara ló kẹ́yìn: ṣí aṣọ, wo gbogbo rẹ̀ dé ìdí, bò ó padà kíákíá kí òtútù má mú un. Yí i padà ní wákàtí méjì-méjì. Egbò ìdùbúlẹ̀ kì í pẹ́ yọ, ìwòsàn rẹ̀ ló máa ń gba oṣù. Ìbọ̀wọ́ rẹ ńkọ́? Ọ̀wọ̀, níbi tí ibà Lassa ti máa ń jà, ò jìnnà sí wa; ẹni tí ibà rẹ̀ ò gbọ́ oògùn ibà, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ronú Lassa kó o tó fi ọwọ́ lásán kàn án.

Tí gbogbo èyí bá ti dúró, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló kù. Oníṣègùn kan ní Belgium, Jean-Louis Vincent, kó wọn jọ sábẹ́ orúkọ kan lọ́dún 2005, FAST HUG, wàá rí i lára ògiri ibẹ̀: oúnjẹ, ìrora, oògùn oorun, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀, ìgbèrí tó ga, ọgbẹ́ inú, ṣúgà. Nínú wọn, ìgbèrí ló wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pátápátá, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Gbé e sókè tó ìwọ̀n 30 sí 45, àyàfi tí wọ́n bá ní kó sùn gbọọrọ, kí ohun inú rẹ̀ má bàa ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn ẹbí. Ọmọ mi, kò sí ìwé tó kọ́ wa ní ti àwọn ẹbí. Ìyá kan á gbé fúláàsì dé, ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹja ló wà nínú rẹ̀, á ní "ẹ jẹ́ kó mu díẹ̀ kó lè lókun." Ẹni tí ojú rẹ̀ ò là dáadáa, ẹ̀kọ yẹn máa lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Má jágbe mọ́ ọn. Mú un lọ́wọ́, fi rọ́bà tó gba imú wọlé hàn án, sọ fún un pé ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà, kó sì máa ra ọwọ́ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fún un. Àwọn míì á mú àgbo wá nínú ìgò La Casera. Wọ́n á fi sábẹ́ ìborùn. Àdúrà kò burú, èmi náà máa ń ṣe Àmín sí i. Àmọ́ àbẹ́là ò gbọ́dọ̀ tàn nítòsí ọ́síjìn, òróró kò sì gbọ́dọ̀ kan ìbòjú tàbí ẹnu sílíńdà, torí iná tó bá ràn níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń pa. Pásítọ̀ tí mo ṣàlàyé fún lọ́jọ́ kan fi òróró kan àtẹ́lẹsẹ̀ aláìsàn, ó ní ibẹ̀ náà jẹ́ ara. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn títí dòní.

Bó o ṣe máa pe dókítà lóru náà ṣe pàtàkì. Má sọ pé "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá, aláìsàn bẹ́ẹ̀dì 3 ò ṣe dáadáa." Á ní òun ń bọ̀, á sì yí ẹ̀gbẹ́ kejì sùn. Sọ pé: "Dókítà, èmi nọ́ọ̀sì ICU ni. Bẹ́ẹ̀dì 3, ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ìfun. Láti aago mẹ́wàá, èémí rẹ̀ ti kúrò ní 18, ó ti di 30. Ọ́síjìn 91 lórí líítà 5. Ọwọ́ ti tutù, ìtọ̀ mílílítà 10 ní wákàtí tó kọjá. Mo rò pé àrùn ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wá báyìí. Kí n ti gba ẹ̀jẹ̀ fún yàrá àyẹ̀wò kí ẹ tó dé?" Kò sí dókítà tó gbọ́ 18 di 30 tó máa yí ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí kò bá sì wá, pe ọ̀gá rẹ̀, kó o kọ aago tó o pè é sínú fáìlì.

Má sì rò pé ICU nìkan ni gbogbo èyí wà fún. Ní ọdún 2025, ìwádìí kan tó kárí ilé ìwòsàn 180 ní orílẹ̀-èdè 22 nílẹ̀ Áfíríkà fi hàn pé, nínú aláìsàn mẹ́jọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan ni àìsàn rẹ̀ le débi tí ẹ̀mí wà nínú ewu, ó sì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn lọ tó jẹ́ wọ́ọ̀dù lásán ni wọ́n wà. Wọ́ọ̀dù bíi tìrẹ, nísinsìnyí, kó o tó lọ síbì kankan.

Nítorí náà, lọ́la, ra aago ọwọ́ tó ní ọwọ́ kẹta tó ń sáré yíká. Má lo fóònù, torí ìfìwéránṣẹ́ á wọlé, wàá sì sọ iye tó o ti kà nù. Di ọwọ́ aláìsàn mú bíi pé ìlù ọkàn lò ń kà, kó má bàa mọ̀ pé èémí òun lò ń wò, torí ẹni tó bá mọ̀ á yí i padà. Ka ti obìnrin mẹ́wàá ní wọ́ọ̀dù yín, odidi ìṣẹ́jú kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó o tó ṣí fáìlì wọn. Kó o wá kọ̀wé sí mi padà: iye tó o kà, àti iye tó wà nínú fáìlì.